Àsálà: Ìtàkùn Tí Àjèjì Sọ Di Igi

Ní oṣù Okúdù, nígbà tí àwọn ọmọ awo bá ń gòkè lọ sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún Ọdún Ifá, òjò ti rọ̀, àgbàdo tuntun ti dé ọjà, èso àsálà sì ti ń gbó lórí ìtàkùn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, yóò máa já bọ́ lábẹ́ igi obì àti igi kòkó. Àwọn obìnrin yóò ṣà á jọ, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sè é, atẹ àsálà yóò sì wà ní ẹ̀bá ọ̀nà láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Èkó. Àlejò tí ó bá béèrè orúkọ ohun tí ó wà lórí atẹ náà lè gbọ́ orúkọ méjì lẹ́nu àwọn Yorùbá: àsálà tàbí awùsá. Bí ó bá sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò gbọ́ ẹ̀kẹta: walnut.

Orúkọ kẹta yìí ti fa ìdàrúdàpọ̀ púpọ̀. Ó ti mú kí àwọn ènìyàn máa sọ̀rọ̀ nípa igi àsálà, bẹ́ẹ̀ ni àsálà kì í ṣe igi. Ó lè mú kí ẹni tí ó wà ní òkè òkun máa wá ewé kan, kí ó sì já òmíràn. Ìtàkùn ni àsálà. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ibi tí yóò ti wá a, kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, kò sì lè mọ ohun tí ó lè sọ ọ́ di ọ̀wọ́n lọ́la.

Ibùgbé àti ìrísí rẹ̀

Inú igbó kìjikìji ni ilé àsálà. Láti ìhà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ó gba gúúsù Nàìjíríà kọjá lọ sí Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù àti Kóńgò. Ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tí ewé jíjẹrà ti sọ di ilẹ̀ ọlọ́ràá, ni ó fẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó wà káàkiri oko Òǹdó, Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Ògùn, ó sì wà ní àyíká Ìbàdàn àti Àjààwà lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn Ìgbò náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ukpa ni wọ́n ń pè é.

Bí kóró rẹ̀ bá hù, ohun tí yóò gùn ni ó ń wá. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Yóò yí igi ká, yóò máa nípọn, yóò sì máa le bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí yóò fi dé òkè níbi tí oòrùn wà. Ó lè gùn ju mítà mẹ́wàá lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀ níwọ̀nba, ó ní eyín wẹ́wẹ́ létí, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Láàárín oṣù Bélú àti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ó sábà máa ń tanná. Èso rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí gbó ní oṣù Okúdù, ìkórè a sì máa lọ títí di oṣù Owéwè.

Àwọ̀ ewé ni èso náà ní nígbà tí ó bá wà ní tútù, a sì dúdú nígbà tí ó bá gbó tán. Ó sábà máa ń pín sí ìhà mẹ́rin, kóró kan sì wà nínú ìhà kọ̀ọ̀kan. Kóró náà rí roboto. Èèpo rẹ̀ le, ó sì dúdú, ṣùgbọ́n kò nípọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é, ọwọ́ tàbí eyín tó láti fọ́ ọ. Ara funfun ni ó wà nínú rẹ̀. Ojú Yorùbá tí obì olójú mẹ́rin ti mọ́ lára kò ní ṣàì kíyè sí iye yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àsálà kì í ṣe obì.

Bí èso àjèjì ṣe di orúkọ

Igi kan wà tí àwọn ará Yúróòpù ti mọ̀ láti ayébáyé. Àárín gbùngbùn Éṣíà àti àwọn òkè ilẹ̀ Páṣíà àtijọ́ wà lára ibi tí ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Igbó rẹ̀ kan tí ó lókìkí ṣì wà ní Arslanbob, ní orílẹ̀-èdè Kyrgyzstan. Àwọn ará Róòmù fẹ́ràn èso rẹ̀, wọ́n sì pè é ní èso Júpítà, òrìṣà tí wọ́n kà sí olórí gbogbo òrìṣà wọn. Láti inú orúkọ yẹn ni Juglans ti wá. Nígbà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ mọ èso náà, wọ́n pè é ní èso àjèjì, nítorí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ti wá. Ìtumọ̀ walnut nìyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1753, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, kọ ọ́ sílẹ̀ ní Juglans regia, èyíinì ni Juglans ti ọba.

Igi gidi ni Juglans. Ìtì rẹ̀ tóbi, pákó rẹ̀ le, ó sì dán. Wọ́n fi ń ṣe àga, tábìlì àti ìdí ìbọn. Omi èèpo èso rẹ̀ a máa pa aṣọ àti irun láwọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Juglans nigra. Àwọn Cherokee, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ń fi í pa ọ̀pá agbọ̀n wọn láwọ̀. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù ayé àtijọ́ wo ojú kóró náà, wọ́n rí i pé ó ká kòrókòró bí ọpọlọ, wọ́n sì gbà pé ó yẹ fún àìsàn orí.

Nígbà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n rí kóró roboto kan tí ìrísí rẹ̀ jọ ti èyí tí wọ́n mọ̀ ní ilé. Wọ́n pè é ní walnut ti Áfíríkà. Àlejò kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀ rí ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ibi kóró ni ìjọra náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí. Àsálà kò sí nínú ẹbí Juglans rárá. Inú ẹbí tí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí, igi rọ́bà àti lárà wà ni àsálà wà.

Àwọn onímọ̀ ewéko kò ṣi èyí mú. Ní 1864, Jean Müller, ará Switzerland, kọ àsálà sílẹ̀ ní Plukenetia conophora. Ní 1899, Ferdinand Pax, ará Jámánì, dá orúkọ mìíràn sílẹ̀, Tetracarpidium, tí ó ń tọ́ka sí mẹ́rin tí ó wà nínú èso náà. Ní 1928, Hutchinson àti Dalziel pe àsálà ní Tetracarpidium conophorum nínú ìwé ńlá wọn lórí ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà sì ń lò. Lónìí, àwọn onímọ̀ ti dá a padà sí Plukenetia. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Peru, tí wọ́n ń pè ní sacha inchi. Ìtàkùn ni òun náà, kóró rẹ̀ sì kún fún òróró bí ti àsálà.

Ọ̀rọ̀ ọjà ni ó mú ìdàrúdàpọ̀ wá, kì í ṣe ìwé àwọn onímọ̀. Ọjà náà kò sì dúró lórí àsálà nìkan. Lovoa trichilioides, igi ńlá kan tí àwọn onípákó ń gé nínú irú igbó kan náà, walnut ti Áfíríkà ni wọ́n ń pè é nínú òwò pákó. Coula edulis, igi mìíràn tí wọ́n ń jẹ kóró rẹ̀, gba orúkọ kan náà. Orúkọ kan, ewéko mẹ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni àsálà, òun nìkan sì ni kì í ṣe igi.

Àsálà nínú oko àti ní ọjà

Àgbẹ̀ Yorùbá kì í sábà dá oko àsálà bí ẹni dá oko iṣu. Ẹsẹ̀ igi tí ó ti dàgbà ni ó ń gbìn ín sí, kí ìtàkùn lè rí ibi gùn. Nígbà tí kòkó àti obì gbànja gbilẹ̀ ní oko ilẹ̀ Yorùbá, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ inú ọ̀rúndún ogún, àsálà rí igi tuntun gùn. Bí ó ṣe ń gbé inú igbó, bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé inú oko. Igi obì ru ú, igi kòkó ru ú, àwọn igi ńlá tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó máa ṣíji bo oko náà sì rù ú pẹ̀lú.

Ìkórè rẹ̀ kò ní ariwo. Èso tí ó bá gbó yóò já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣà á yóò sì máa wo ilẹ̀ lábẹ́ igi ní òwúrọ̀. Wọn yóò kó o jọ kí ara rẹ̀ lè rọ̀, wọn yóò bó o, wọn yóò fọ kóró rẹ̀ mọ́, wọn yóò sì sè é pẹ̀lú èèpo rẹ̀ lára. Kì í pẹ́ kí àsálà sísè tó bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sè é lónìí ní láti tà á lónìí tàbí lọ́la. Èyí ni ó jẹ́ kí àsálà jẹ́ oúnjẹ ìgbà òjò, tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà ní ibùdókọ̀, tí àwọn ará ilé sì ń jẹ pẹ̀lú àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn a máa gbẹ ẹ́, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì fi se ọbẹ̀ bí ẹni lo ẹ̀gúsí.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹni tí ó ti jẹ àsálà rí mọ̀. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ tán, tí ó sì mu omi lé e lójú ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò korò. Ọmọdé tí ó bá kọ́kọ́ ṣe é kì í gbàgbé. Àwọn àgbà ni í máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì ní kí ó mú sùúrù, nítorí ìkorò náà kì í pẹ́ lọ.

Ewé àti orúkọ rẹ̀

Nínú ìmọ̀ Ifá, ewé kì í ṣe ewé lásán, orúkọ rẹ̀ wà lára agbára rẹ̀. Àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ. Ó ń ro ewé pẹ̀lú. Ẹni tí ogun lé, tí ó sá, tí ó sì yè, Yorùbá ní ó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ìsá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìlà sì wà nínú rẹ̀. Etí tí ó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ méjèèjì nínú orúkọ ìtàkùn yìí kí ọwọ́ tó kan ewé rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí orúkọ ti wá ni èyí, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí etí gbọ́. Orí ohun tí etí gbọ́ ni ọfọ̀ dúró lé. Ewé ń jẹ́ orúkọ, orúkọ ń sọ iṣẹ́, ẹni tí ó ń pè é sì ń rán an sí iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti sọ.

Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo ní Kétu tí wọ́n sì fún ní orúkọ Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú ìmọ̀ yìí jọ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ìwé rẹ̀ lórí ewé, tí ó jáde ní Bràsíìlì ní 1995, fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó wà nínú orúkọ ewé sábà máa ń padà wá nínú ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí i. Bí wọ́n bá yọ orúkọ kúrò, wọ́n ti yọ ìsopọ̀ tí ó wà láàárín ewé àti iṣẹ́ rẹ̀ kúrò.

Níbí ni ọ̀nà méjì ti yà. Oníṣègùn Yúróòpù àtijọ́ wo ojú kóró Juglans, ó rí ọpọlọ nínú rẹ̀. Onísègùn Yorùbá gbọ́ orúkọ àsálà, ó gbọ́ ìgbàlà nínú rẹ̀. Ojú lè rí ohun kan náà ní ilẹ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n etí kò lè gbọ́ àsálà nínú walnut. Ìsá kò sí níbẹ̀, ìlà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pe èso àjèjì sí ewé yìí ti fi orúkọ tí kò rán an ní iṣẹ́ kankan pè é.

Yàtọ̀ sí ti ọfọ̀, àsálà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Wọ́n ń lo ewé rẹ̀ fún ìgbẹ́ ọ̀rìn àti fún òsúkè tí kò lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n ń jẹ èèpo ara ìtàkùn náà lẹ́nu nígbà tí eyín bá ń ro ni. Wọ́n ka kóró rẹ̀ sí oúnjẹ tí ó dára fún ọkùnrin tí ń retí ọmọ. Lílò bẹ́ẹ̀ ní òṣùwọ̀n àti àkókò, ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó sì yẹ kí ó ti wá. Àwọn olùwádìí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ń yẹ ewé àti kóró yìí wò pẹ̀lú irinṣẹ́ tiwọn. Ohun tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ ni pé kóró náà kún fún òróró: nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni. Ìrú òróró tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti omega-3, tí àwọn oníṣègùn òde òní ń yìn fún ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀.

Òróró kan náà ni ó fa ojú àwọn amúnisìn mọ́ra. Wọ́n rí i pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, a máa gbẹ, a sì máa le, bí òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ní Yúróòpù. Wọ́n fún un ní orúkọ conophor, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò ṣe é kó lọ sí òkè òkun fún ọ̀dà àti ohun ìdán igi. Ṣùgbọ́n àsálà kò di ọjà ńlá bíi kòkó tàbí èkùrọ́. Ewéko tí èso rẹ̀ ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ igi ẹlòmíràn kò rọrùn láti kó pọ̀ fún ilé iṣẹ́. Ó ṣẹ́kù fún àwọn tí ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìtàkùn di ọ̀tá

Ní 1899, ìjọba amúnisìn ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Òun ni igbó ọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ igbó ti kúrò ní ọwọ́ ọba ìlú, ọdẹ àti baálé nìkan, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó pẹ̀lú. Pákó ni wọ́n ń wò nínú igbó. Ìrókò, ọ̀gànwó àti àwọn igi ńlá bẹ́ẹ̀ ní owó lórí. Ìtàkùn kò ní.

Ní 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Nàìjíríà láti mú kí igi pákó tètè hù nínú igbó. Ọ̀kan lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ètò náà ni pé kí wọ́n gé ìtàkùn kúrò lára igi. Wọ́n sì ń fi májèlé pa igi tí wọ́n kò fẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara èyí tí wọ́n fẹ́. Lójú onípákó, ìtàkùn ń yí igi po, ó ń wọ́ ọ, ó sì ń bo ojú oòrùn mọ́ ọn lójú. Kò sí àyè nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ìtàkùn tí ìyá kan ń ṣa èso rẹ̀ lọ sí ọjà. Nígbà tí ó yá, ní ọ̀pọ̀ igbó ọba ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n gé igbó àtijọ́ kúrò, wọ́n sì fi tíìkì àti gmelina rọ́pò rẹ̀ ní ìlà tí ó tò bí àwọn ọmọ ogun. Igi méjèèjì, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá.

Orí méjì ni àṣìṣe náà ní. Ẹni tí ó pe àsálà ní igi kò wá igi tí yóò rù ú. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìtàkùn ni sì kà á mọ́ ọ̀tá igi. Láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó ti mọ bí igi obì àti ìtàkùn àsálà ṣe lè jọ gbé oko kan kí àwọn méjèèjì sì so.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Òwe Yorùbá kan ní ìtàkùn tí ó ní kí erin má wọ odò, tòun terin ni yóò jọ lọ. Ní ti àsálà, kò dí erin kankan lọ́nà, síbẹ̀ tòun tigi ni ó ń lọ. Bí wọ́n bá gé igi obì tí ó ti gbó nítorí àtigbin ohun mìíràn, àsálà tí ó wà lórí rẹ̀ ti lọ. Bí wọ́n bá ta ìrókò ẹ̀yìn oko fún onípákó, ìtàkùn ara rẹ̀ ti lọ. Kò sí ẹni tí í kọ ikú ìtàkùn sílẹ̀.

Àsálà àti àwọn ọmọ Ifá òkè òkun

Ifá ti di ti ayé gbogbo. Ọmọ awo wà ní Kúbà, ní Bràsíìlì, ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń kọ́ ewé nínú ìwé kí wọ́n tó rí i pẹ̀lú ojú. Níbẹ̀ ni orúkọ èso àjèjì ti lè ṣe jàǹbá. Ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà, tí ó bá ka àsálà nínú ìwé tí wọ́n túmọ̀, lè wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí ó rí Juglans nigra. Ẹni tí ó wà ní Kúbà lè rí Juglans jamaicensis, nítorí ẹ̀yà yẹn ń hù ní erékùṣù náà. Igi gidi ni méjèèjì, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn sì bá ti ìwé mu. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ àsálà.

Ìyàtọ̀ náà ju ti ìrísí lọ. Juglans nigra kì í fẹ́ aládùúgbò. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní juglone ń ti ara gbòǹgbò, ewé àti èèpo èso rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ewéko kò sì lè fara dà á. Tòmátì tí wọ́n bá gbìn sí ìtòsí rẹ̀ a máa rọ. Àsálà ní tirẹ̀ kò lè dé ibi ìmọ́lẹ̀ láìsí aládùúgbò. Ọ̀kan ń dá dúró ní pápá rẹ̀. Èkejì ń gbé èjìká ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nítorí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pààrọ̀ orúkọ, ó ti pààrọ̀ ewé, ó sì ti pààrọ̀ ìwà pẹ̀lú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Ìwé tí ó bá dárúkọ ewé fún àwọn ọmọ awo òkè òkun yẹ kí ó kọ orúkọ Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un. Orúkọ àkọ́kọ́ ń dáàbò bo ọfọ̀, èkejì ń dáàbò bo ọwọ́ tí yóò já ewé. Orúkọ ọjà ni kí ó kẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ àrà ogún ẹnu ọmọ ènìyàn, ní 2008 ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ogún àìfojúrí ti gbogbo ayé. Ní 2005 kan náà ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ inú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Ìkíní jẹ́ ọ̀rọ̀, ìkejì jẹ́ igbó. Ọ̀rúnmìlà àti Ọ̀sanyìn kò jìnnà síra wọn nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá. Odù tí ó dárúkọ ewé ń retí pé ewé náà yóò wà. Bí ọ̀rọ̀ bá yè tí ewé kú, àwọn ọmọ tí ń bọ̀ yóò máa pe orúkọ tí kò ní ẹni tí yóò jẹ́ ẹ.

Ìdáàbòbò àsálà kò béèrè owó ńlá. Ó béèrè igi. Ilé ìwé tí ó ní igi lágbàlá, àgbẹ̀ tí ó ní oko obì, ilé òrìṣà tí ó ní igbó lẹ́yìn, gbogbo wọn ní ohun tí àsálà ń wá. Kóró méjì tàbí mẹ́ta ní ẹsẹ̀ igi tí ó lágbára ti tó. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí igi náà má ṣe kúrò níbẹ̀.

Àlejò tí ó wá sí Ọdún Ifá yóò rí àsálà nígbà tí ó bá ń padà lọ, bí ìgbà rẹ̀ bá ti tó. Yóò rà á, yóò jẹ ẹ́, bóyá yóò sì mu omi lé e kí ẹnu rẹ̀ korò. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, ó lè fẹ́ kó díẹ̀ pamọ́ láti gbìn. Iyá tí ó ń tà á ni yóò sọ òtítọ́ fún un: kóró tí iná ti kàn kì í hù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àsálà wà fún ọdún tí ń bọ̀ yóò béèrè ti tútù, yóò sì ti mọ igi tí yóò gbìn ín sí lẹ́sẹ̀ kí ó tó san owó.